Oògùn Pupa àti Mọ́sà Ọpẹ́

Ìyá mi ló sọ oògùn náà ní sóbò. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé e kọ́ sókè orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí ó ń kán díẹ̀díẹ̀ wọ inú iṣan ọwọ́ rẹ̀, tí ó pupa bí omi ìṣápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, ìyá mi wò ó títí, ó ní, "Ṣé ẹ fi ṣúgà sí i?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ díẹ̀ nínú ohun tí oògùn náà ń ṣe fún ara, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ nìyí. Àárín àwọn ọdún 1990 ni, ní Ìlọrin. Ìyá mi ti ń ta àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ní ọjà Ipata láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Jẹjẹrẹ mú un ní ọyàn òsì, wọ́n sì gé ọyàn náà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ìrọ̀rí kékeré kan tó ń kì bọ inú kọ́mú, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń bá àwọn onílọ́rí jà bíi ti tẹ́lẹ̀. A rò pé ó ti tán. Àfi bí kókó kan ṣe yọ sí i lọ́rùn, lókè egungun èjìká, ní apá òsì kan náà. Ó le, kì í dùn ún, ó sì ń tóbi. Nígbà tí yóò fi tó ẹyin ẹyẹlé, ìborùn kò bò ó mọ́. Dókítà sọ pé ọ̀bẹ kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, pé oògùn tí yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ kárí gbogbo ara ló kù. Wọn yóò fún un, wọn yóò jẹ́ kó sinmi ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn yóò tún fún un, títí oṣù yóò fi gorí oṣù. Ohun tí gbogbo wa ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí kókó yẹn lọ, kó má sì padà wá.

Èmi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì nígbà náà, lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo Ipata pé dókítà ni mò ń kọ́. Mo ṣàlàyé títí ó sú mi.

"Mi ò kí ń wo aláìsàn o, Ìyá."

"Kín lo wá ń wò?"

"Sẹ́ẹ̀lì."

"Sẹ́ẹ̀lì ta ni?"

Ibẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́ sí, nítorí sẹ́ẹ̀lì inú ìwé tí mò ń kà, kì í ṣe ti ẹnì kankan.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nígbà yẹn tẹ́jú, ó sì dùn ún gbọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa kọ DNA sí apá òsì bọ́ọ̀dù, ó ní ibẹ̀ ni gbogbo àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé wà. Ó fa ìlà, ó kọ RNA sí àárín, ó ní ìránṣẹ́ lásán nìyẹn, tó ń gbé àṣẹ lọ síbi iṣẹ́. Ó tún fa ìlà, ó kọ purotéènì sí apá ọ̀tún, ó ní àwọn wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ gan-an. Ó wá sọ pé díẹ̀ báyìí nínú DNA ènìyàn ló ń di purotéènì. Mo nawọ́, mo béèrè pé kí wá ni ìyókù ń ṣe. Ó ní, "Pàǹtírí ni." Mo ní bí sẹ́ẹ̀lì bá wá ń ṣe RNA láti ara pàǹtírí yẹn ńkọ́, RNA tí kò gbé àṣẹ purotéènì kankan lọ́wọ́? Ó ní ariwo lásán ni, kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n mo gbà. Kí ni mo mọ̀ tí mo fi máa bá ọ̀gá jiyàn?

Oògùn pupa náà kò ṣojú àánú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fi igbe bọnu nínú ilé ìwẹ̀, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Mo sáré débẹ̀, mo ní àwọ̀ oògùn ni. Ó wojú mi. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o ò sọ fún mi?" Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yé bá mi jà lórí ìyẹn. Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sórí ìrọ̀rí, ẹnu rẹ̀ bó débi pé omi tútù gan-an ń ta á. Òun tó máa ń jẹ ata bí ẹni ń jẹ èso, ó di ẹni tó ń lá ògì bí ọmọ ọwọ́. Ó bú oògùn, ó bú nọ́ọ̀sì, ó bú èmi tí mo kọ́ ìwé tí ìwé mi ò lè dá ẹnu bíbó dúró. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ilé ìwòsàn bá pé, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọṣọ.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìhà Ọ̀mù-Àrán, onígbàgbọ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá dé, á ní, "Màámá, ẹ jẹ́ n wò ó," á fi ìka méjì tẹ kókó náà, á fi irin kan wọ̀n ọ́n. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo èsì ìdánwò. Nígbà kan ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Ó ti ń kéré." Nígbà tó tún yá, ó ní kò tó ìdajì mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi ìka tẹ ibẹ̀ títí, ó wá a sọ́tùn-ún, ó wá a sósì, ó ní òun ò rí i mọ́. Ìyá mi ní kí èmi náà tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Awọ lásán ni mo bá, ó rọ̀, ó sì gbóná. Mo bú sẹ́kún nínú yàrá dókítà, mi ò tijú.

"Ó dára gan-an," dókítà wí. "Ṣùgbọ́n ó ṣì ku oògùn tí a máa gbà o, Màámá. Bí a ò ṣe rí i yẹn, kò sọ pé kò sí níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ń gbé ní agbo ilé wa lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Ó ti dé Mẹ́kà, nítorí náà Àlájà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló tọ́ ìyá mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Àlájà kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láìbúra. Bí o bá ní o ra iyọ̀ lọ́jà, á ní, "Wàláhì?" Bí o kò bá dáhùn "Wàláhì," o kò tíì ra iyọ̀ nìyẹn. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣe é lójú rẹ̀.

Bó ṣe fọwọ́ kan ọrùn àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó yíjú sí mi.

"Ìwọ tó o kàwé, wàláhì, kókó yìí lọ àbí kò lọ?"

"Ó lọ, Àlájà. Wàláhì, ó lọ. Ṣùgbọ́n…"

Kò dúró gbọ́ "ṣùgbọ́n." Ó ti ń ké "Alihamudu lílàhi," ó ti ń pe àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n rẹ àgbàdo.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ agbo ilé wa. Sàráà méjì ni a ń ṣe. Bí ọ̀ràn bá ṣì wà nílẹ̀, sàráà ẹ̀bẹ̀ ni. Bí ọ̀ràn bá tán, sàráà ọpẹ́ ni, mọ́sà, àkàrà àgbàdo, ni a sì máa ń dín fún un, a óò pe àwọn àáfà wá ṣàdúà, a óò pín in yí àdúgbò ká. Láti ọjọ́ tí a bá ti jẹ mọ́sà ọpẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọrọ nǹkan yẹn lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lo oògùn sí i mọ́. Bí ibà ló ṣe ọmọ, tí ibà lọ, tí a dín mọ́sà, àgbo tó kù nínú ìkòkò, dídà ni a ń dà á sí ìdí igi. Ẹni tó bá tún mu ún ti pe ọpẹ́ rẹ̀ ní irọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Wọ́n dín mọ́sà náà ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo rántí òórùn òróró, mo rántí ìyá mi lórí ẹní tuntun, tó fi gèlè bo orí tí kò ní irun, tó ń tàn bí ìyàwó. Àwọn ará Ipata wá. Obìnrin kan tí òun àti ìyá mi ti ń jà lórí ààlà ìsọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì wá, ó ń sunkún, ó jẹ mọ́sà púpọ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí dókítà sọ, fún wákàtí mélòó kan. Kò sí ayọ̀ tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn tó dà bíi tọjọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ oògùn tó kù pé, mo múra, mo lọ bá ìyá mi. Ó ń to kóńgò jọ, ó ń múra Ipata.

"Ìyá, òní ni ilé ìwòsàn."

"Láti lọ ṣe kín ni?"

"Láti lọ gba oògùn tó kù."

"Èyí tó kù, a ti dà á nù," ó ní. "A ti jẹ mọ́sà."

Mo pariwo. Mo ní mọ́sà kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ. Mo ní ó lè ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí ojú ò lè rí. Ó ní, "Nínú ẹ̀jẹ̀ ta ni?" bíi pé kì í ṣe tirẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Àlájà, mo rò pé òun á bá mi bẹ̀ ẹ́. Àlájà dé, ó bá mi wí ní tirẹ̀. Mo ké sí ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyá mi sì wá dáhùn ní ohùn jẹ́jẹ́ kan tí mi ò mọ̀ mọ́ ọn.

"Ṣé kí n lọ bá Ọlọ́run, kí n ní kó gbé ọpẹ́ mi padà fún mi?"

Wọ́n kọ́ mi nípa sẹ́ẹ̀lì, wọn ò kọ́ mi nípa ìyẹn. Mo nìkan lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́rọ̀ mi, ó mi orí, ó ní kí n tún lọ bẹ ìyá mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà, funfun gbòò, ó sì ń fi yangàn fún mi nígbà tó bá ń fi jígí wo ara rẹ̀.

Ọyẹ́ ló gbé kókó náà padà dé. Ìyá mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àwa la rí i pé ó tún ti ń wé ìborùn mọ́rùn ní ọ̀sán gangan. Kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Ọ̀kan lókè egungun èjìká, àwọn mìíràn lábẹ́ abíyá. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ sí ilé ìwòsàn. Àlájà tẹ̀ lé wa. Dókítà ò bá wa jà. Ǹ bá fẹ́ kó bá wa jà. Ó wulẹ̀ ní ká tún bẹ̀rẹ̀.

Oògùn kan náà ni. Pupa rẹ̀ kò yí padà, bẹ́ẹ̀dì gan-an wà ní ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Irun ìyá mi tún jábọ́. Ẹnu rẹ̀ tún bó. Ìtọ̀ rẹ̀ tún pọ́n. Ohun gbogbo tí oògùn yẹn ṣe fún un nígbà àkọ́kọ́ ló tún ṣe, kò gbàgbé ẹyọ kan, àfi èyí tí a torí rẹ̀ gbà á. Dókítà fi irin wọn kókó náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbà tó tún wọ̀n ọ́n, ó ti tóbi sí i. Gbogbo ara ìyá mi ló ń gbọ́ràn sí oògùn lẹ́nu. Kókó nìkan ló kọ̀ tí kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú pátápátá. Ara kan náà, oògùn kan náà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan náà. Kí ló yàtọ̀?

Mo lọ bá ọ̀gá wa ní yunifásítì. Ó ṣe dáadáa sí mi. Ó ní wọ́n ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mìíràn máa ń ní ohun kan lára ògiri rẹ̀ tí ń fa oògùn jáde bó ṣe ń wọlé. Mo ní ta ló pàṣẹ pé kí ó ṣe é, nígbà tí kò ṣe é lákọ̀ọ́kọ́? Ó ní a ò tíì mọ̀. Mo wo bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìlà méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀, DNA, RNA, purotéènì, ó mọ́ tónítóní, kò sì sí ibi tí mo lè fi ọrùn ìyá mi sí nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi béèrè ohun tí wọ́n sọ. Mo wá ọ̀nà tó máa fi yé e.

"Ìyá, ẹ rántí ẹ̀wà. Ẹ da oògùn kòkòrò sí i, gbogbo kòkòrò kú, àfi díẹ̀ tí agídí wà lára wọn. Àwọn yẹn ló bí àwọn tó kù. Ẹ tún da oògùn kan náà sí i, wọn ò kú mọ́."

Mo rò pé ó ti yé e.

"Èmi kì í ṣe àpò ẹ̀wà," ó ní, ó sì kẹ̀yìn sí mi.

Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan. Ó ku díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín, ó sì ku díẹ̀ kí n sunkún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń yà fún. Ìyá mi ló bọ́ sílẹ̀ bá a níkẹyìn, níwájú dókítà, tí Àlájà jókòó tì í.

"Dókítà, bí mo bá ti gba ti ọjọ́sí parí, ṣé ìbá padà?"

Dókítà wo ilẹ̀. Ó ní, "Màámá, mi ò lè sọ. Mo ti rí ẹni tó gbà á parí tó padà. Irú èyí tó bá ti kúrò ní ọyàn, tó ti rìn lọ sọ́rùn, ó sábà máa ń padà. Bí ẹ bá ti gbà á, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Ó sì lè má pẹ́."

Mo bínú sí i gidigidi. Ì bá ní "bẹ́ẹ̀ ni," ǹ bá rí ẹni tí mo máa kórìíra. Ì bá ní "rárá," ǹ bá sinmi. Nǹkan tó sọ yẹn kò ṣe é gbé mì, kò sì ṣe é tu dànù. Mo wo Àlájà. Ó di etí aga mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré.

Láti ọjọ́ yẹn, Àlájà ń wá wo ìyá mi, ṣùgbọ́n kì í jókòó. Á gbé ọbẹ̀ wá, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Èmi ò bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Bí ó bá kí mi, mo ń dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní lọ́kàn ara mi pé mọ́sà rẹ̀ ló pa oògùn. Tó bá di ọ̀la, mo tún ní rárá, ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá di ọ̀tunla, mo ní ìwé wo gan-an? Orí mi kò dúró lójú kan.

Ìyá mi rí gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, tí mò ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò kí ń jókòó mọ́."

"Ó ń wá, Ìyá."

"Ó ń wá. Kì í jókòó." Ó na ẹsẹ̀ kejì sí mi. "Ìwé ẹ yẹn, máa wá ohun tó gbé kókó yìí padà níbẹ̀. Bí o bá rí i pé kì í ṣe mọ́sà, kí o lọ sọ fún un."

"Bí mo bá rí i pé mọ́sà ni ńkọ́?"

Ó wò mí bó ṣe máa ń wo oníbàárà tó bá ní kóńgò rẹ̀ kò kún.

"Nígbà yẹn, kín lo fẹ́ lọ sọ fún un?"

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tó fi jáde láyé. Mo mọ ìbànújẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìbànújẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ilé wa kún, àwọn àáfà ṣàdúà, àwọn ará Ipata ti ìsọ̀ wọn. Àlájà ló wẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà náà, Àlájà kò dín mọ́sà mọ́. Ọmọ rẹ̀ bí ìbejì, kò dín in. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ka Kùránì parí, ó ṣe wòlímọ̀, àwọn ẹlòmíràn ló ṣe sàráà náà, òun wọlé lọ sùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, ó ríran kedere, gbogbo agbo ilé ń dúró kó ní kí wọ́n rẹ àgbàdo. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Kò sì tẹ Ipata mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan fún un níbẹ̀, á ní kí wọ́n rà á ní Ọjà-Ọba.

Èmi di ẹni tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Èmi náà ń fa ìlà méjì yẹn sójú bọ́ọ̀dù. Mò ń kàwé, mo sì ń wá mọ́sà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún púpọ̀ lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ìwé mìíràn, díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n ń dé wọ̀ọ́. RNA tí kò gbé àṣẹ purotéènì kankan lọ́wọ́ ni wọ́n ń sọ. Àwọn kan kúrú, àwọn kan gùn gbọọrọ. Ariwo lásán ti ọjọ́sí, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe o. Òmíràn ń di ẹnu àṣẹ tí ìbá sọ fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pé kó kú. Òmíràn ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe púpọ̀ sí i nínú ohun tí ń fa oògùn síta. Òmíràn ń mú kó ṣí kúrò ní ọyàn lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn. Èyí tó tún rú mi lójú jù ni pé sẹ́ẹ̀lì tó bá ti gbọ́n máa ń di irú RNA bẹ́ẹ̀ sínú àpò tín-ín-tìn-ín, á fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn. Mo ka ìyẹn tán, mo pa ìwé dé. Inú bí mi, mo sì rẹ́rìn-ín. Pàǹtírí!

Ọjọ́ kejì ni mo gba ẹ̀yìn Ọjà-Ọba lọ. Àlájà ti darúgbó, ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀súbà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó tì í. Mo ní ìyá mi rán mi níṣẹ́ sí i nígbà tó wà láyé, mi ò tíì rí iṣẹ́ náà jẹ́. Tẹ̀súbà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé bó ṣe lè yé e. Mi ò mẹ́nu kan ẹ̀wà. Mo ní nínú kókó yẹn, àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí àwa tí a kàwé ò kà sí, tí a ní wọn ò wúlò, pé àwọn ló ń kọ́ kókó bó ṣe máa kọ oògùn.

Ó gbọ́ mi títí dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Èyí kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Ṣé wọ́n ti wà níbẹ̀ kí á tó dín mọ́sà?" ó ní.

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bi mí, kò sí èyí tó bọ́ sójú bẹ́ẹ̀. Nínú kókó mìíràn, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí oògùn tó dé rárá. Nínú òmíràn, oògùn gan-an ló jí wọn. Bóyá dídá tí a dá oògùn dúró sì fún wọn láyè, bóyá kò fún wọn. Kò sẹ́ni tó gé díẹ̀ lára kókó ìyá mi pa mọ́ kí a lè wò ó. Mi ò mọ̀. Nínú kíláàsì mi, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ohun tí kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, màá ní kó jókòó.

"Wọ́n ti wà níbẹ̀, Àlájà," mo wí.

Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Mo ń dúró kó ní, "Wàláhì?" Mo ti ń wá inú ara mi wò bóyá màá lè dáhùn rẹ̀, mi ò sì mọ̀ títí di òní ohun tí ǹ bá ṣe. Àlájà, tí kì í gba iyọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn láìbúra, kò ní kí n búra. Ó yíjú sí ojúde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀súbà rẹ̀ lọ.

"Ta ló wà ní ìsọ̀ ìyá ẹ báyìí?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ó ṣì ń ta àgbàdo?"

"Ó ń tà á, Àlájà."

"Ní kó wọn kóńgò kan fún mi," ó ní. "Kó má wọn èyí tí kòkòrò ti wọ̀."